Alákòóso Tó Fòfin De Èrò

Ẹ fún mi láàyè kí n jókòó dáadáa ná. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ yìí, téèyàn bá dúró sọ ọ́, ẹ̀rín lè gbé e ṣubú, egungun mi kì í sì í ṣe èyí tó yẹ kó máa ṣubú mọ́.

Alákòóso kan wà tí ìjọba fi sí ìdí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe tóbi tó? Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọ́físì láàárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á dìde, wọ́n á kí ikùn náà, wọ́n á jókòó. Nígbà tó bá yá tí òun fúnra rẹ̀ bá wá dé, wọ́n á tún dìde. Fóònù mẹ́ta ló ní: ọ̀kan ti kú, ọ̀kan ò ní káàdì nínú, ẹ̀kẹta ló fi ń wo irùngbọ̀n ara rẹ̀.

Mo-Ti-Mọ̀ là ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ o. Kò sóhun tí ẹ lè sọ fún un tí kò ní ní òun ti mọ̀. Tí ẹ bá ní, "Ọ̀gá, ẹ ti gbé bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún," á ní, "Mo ti mọ̀," á sì fi tiro bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó ṣe dépò gan-an, oorun ló gbé e débẹ̀. Olórí ìjọba ń bi àwọn èèyàn rẹ̀ nípàdé pé ta ló mọ̀ nípa ẹ̀rọ nínú wọn. Kálukú dorí kodò bí ọmọ tí wọ́n ń bi pé ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò. Ọ̀gá wa ń sùn ní tiẹ̀. Bí orí rẹ̀ ṣe yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ tó ta gìrì, ó pariwo, "Mo ti mọ̀!" Ó parí. Wọ́n búra wọlé fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ó ní akọ̀wé kan tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Ìyá tó bí i kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe ni. Tí Ọ̀gá bá sín, á ní, "Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn, sà." Kí Ọ̀gá tó lanu sọ̀rọ̀ níta, òun ló máa kọ́kọ́ fò síwájú: "Àjànàkú ẹ̀rọ! Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà ń rí tó ń dọ̀bálẹ̀! Ẹ̀yin tí iná mọ̀nàmọ́ná ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kó tó tàn!" Ọ̀gá á mirí, á ní òun ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lórí àga ẹ̀ ná, kò ní lọ ibì kankan.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa, Ìyá Aránṣọ. Ọkọ rẹ̀ ló ń pe èrò sọ́kọ̀ ní ibùdókọ̀. Ohùn ọkùnrin yẹn, háà, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Tó bá ké, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sílé rẹ̀, tí kò ní ibi tó ń lọ, á kàn déédéé rí i pé òun ti ń wá bàtà. "Ó ku ẹnìkan! Ó ku ẹnìkan!" lohun tó máa ń ké, kódà kí ọkọ̀ ṣófo fọ́ọ́, kó jẹ́ eṣinṣin nìkan ló jókòó sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà. Bí gbogbo ìlú ṣe sọ ọ́ ní Ó-Ku-Ẹnìkan nìyẹn. Àìsàn mú un, kò sì jẹ́ kó dìde mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, gbogbo dẹ́rẹ́bà tẹ fèrè ọkọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri ilé mi là.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, Ìyá Aránṣọ ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan jókòó, ó ń tẹ fóònù. Àfi gbàá:

"Ó ku ẹnìkan! Ó ku ẹnìkan tí kò tíì lo oògùn aràn wa! Ẹ wọlé wá, ikùn yín ń dún!"

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ obìnrin kékeré sáré tete láti ẹ̀yìnkùlé, "Bàbá mi ti dé!" ló ń wí, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ wò ó. Ó pẹ́ kó tó wọlé padà.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Ọ̀fẹ́-Ni ni. Ẹ mọ̀ wọ́n. Òkè òkun ni wọ́n ti wá, gbogbo ohun tí wọ́n bá fún yín, ọ̀fẹ́ ni: orin ọ̀fẹ́, àwòrán ọ̀fẹ́, ọ̀rẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ ò rí sójú rí. Àwọn náà á wá mú ohùn yín, ojú yín, àti orúkọ ìyá yín lọ́fẹ̀ẹ́, a kúkú ti jọ sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń sín ohùn èèyàn jẹ. Àwọn èrò ọkọ̀ ti máa ń ká ohùn Ó-Ku-Ẹnìkan sínú fóònù láti fi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tó wà láyé. Ẹ̀rọ yẹn gbọ́ ọ, ó gbé e mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ta oògùn.

Ìyá Aránṣọ wọ bàtà, ó di ilé iṣẹ́ wọn. Omidan kan jókòó sídìí tábìlì, ètè ẹ̀ pọ́n bí ata.

"Ẹ má bínú o, mà. A kì í gbọ́ ẹjọ́ lójúkojú. Ẹ gbé fóònù tó wà lára ògiri yẹn, kí ẹ tẹ ení."

Ó tẹ ení. Ohùn kan dáhùn: "Ẹ kú ìdúró o! Ọ̀rọ̀ yín jẹ wá lógún! Ẹ fara balẹ̀, ó ku ẹnìkan kó tó kàn yín!"

Ọkọ ẹ̀ ni. Obìnrin náà di fóònù mú, omi ò jáde lójú ẹ̀, ẹ̀rín ò jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, "Baálé mi, ṣé ìwọ náà ló wá ń ní kí n máa dúró?"

Ó sọ ọ́ fún gbogbo wa nígbà tó délé: "Mi ò béèrè nǹkan míì lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kó kú. Mo fẹ́ sunkún ọkọ mi bí àwọn obìnrin yòókù ṣe ń sunkún ọkọ wọn. Àmọ́ tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, á ní ikùn mi ń dún."

Òun nìkan kọ́ ló ń ráhùn. Ariwo ọ̀rọ̀ Ọ̀fẹ́-Ni pọ̀ débi tí ìjọba fi pe gbogbo ìlú sí gbọ̀ngàn ńlá kan pé ká wá jíròrò: ṣé ká fi ìjánu sẹ́nu àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ni, àbí ká fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa fò bó ṣe wù wọ́n?

Mo-Ti-Mọ̀ dé. Àwọn mẹ́rin ru àga ẹ̀ ṣíwájú, àwọn méjì ru tìmùtìmù, ẹnì kan ru gíláàsì ojú ẹ̀ lórí àwo. Bí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ṣe kì í tán, Ọ̀gá gba máìkì, ó sì fún un lọ́rùn bí adìyẹ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀yin èèyàn àwọn èèyàn mi! Àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe èèyàn mi, ṣùgbọ́n tí ẹ máa tó di èèyàn mi! Tẹkinọlọjíkálíṣọ́ọ̀nù!" Ó dúró kí ọ̀rọ̀ náà lè dún yí gbọ̀ngàn po. "Kí ni ẹ̀rọ? Mo tún bi yín, kí ni ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ ni ohun tó jẹ́ pé tí kò bá jẹ́ ẹ̀rọ, kò sí bó ṣe máa ṣe é tó máa fi jẹ́ ẹ̀rọ!"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà fò sókè, ó pàtẹ́wọ́ títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Lọ́yà Ọ̀fẹ́-Ni dìde. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn ẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ó ní, "Ọmọdé ni ẹ̀rọ wa. Ẹ jẹ́ kó ṣeré. Tí ẹ bá so ọmọdé mọ́lẹ̀, ṣé á dàgbà? Tí kò bá sì dàgbà, níbo làwọn ọmọ tiyín ti fẹ́ rí iṣẹ́ ṣe?"

Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa, tí kì í dákẹ́ kódà tó bá fi abẹ sí yín lọ́rùn, dáhùn látẹ̀yìn: "Tó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ pe ìyá ẹ̀ wá! Ọmọ tó ń jí ohùn òkú, eré kọ́ ló ń ṣe, olè ló ń kọ́!"

Tíṣà kan náà dìde. "Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kan náà ló ń bá afọ́jú kan ní ilé ìwé mi ka ìwé. Ká má pa á. Ká kàn kọ́ ọ pé kó máa tọrọ kó tó mú."

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, torí náà kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìyá Aránṣọ dìde, ó sọ tiẹ̀. Kò gùn. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ ẹ̀ ti sáré jáde lọ wo ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Mo-Ti-Mọ̀ fúnra ẹ̀ gbé omi tó ń mu sílẹ̀.

"Mo ti mọ̀, ìyá," ló wí. "Mo ti mọ̀ kí ọkọ yín tó kú gan-an. Ọ̀sẹ̀ yìí ò ní parí tí mi ò ní de ẹ̀rọ yẹn mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́! Á ké, á ké, kò ní rí ẹni tú u!"

A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa á. Ohun tó yẹ kó sọ ló sọ, àbí kí lẹ fẹ́ ká ṣe?

Wọ́n kọ òfin náà lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó gbé e wá. Báyìí ló kà: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, tàbí kó gbé e kiri, láìgba àṣẹ Alákòóso."

Ọ̀gá gbé gíláàsì sójú. Ó wo ìwé náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó ní, "Ta ló jẹ́ kí eṣinṣin yàgbẹ́ sórí òfin mi?"

"Àmì ni, sà."

"Mo ti mọ̀. Àmì kí ni?"

"Àmì orí ọ̀rọ̀, sà. Àti tabẹ́ ẹ̀."

"Ẹ wo abẹ́ ẹ̀ yìí. Ẹ wò ó! Ó ń kán tó, tó, tó, bí òrùlé tó ń jò. Ṣé òfin tèmi ló máa máa jò? Ẹ nù ún! Ẹ nu òkè, ẹ nu ìsàlẹ̀! Mo fẹ́ òfin gbígbẹ!"

"Òfin gbígbẹ! Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Olóyè ọgbọ́n!"

Wọ́n nù ún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára pátákó gàgàrà káàkiri ìlú. Orí Ọ̀gá gba gbogbo pátákó, etí ẹ̀ kan ọ̀run. Lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gbígbẹ:

ENIKENI KO GBODO NI ERO TO N SORO, TABI KO GBE E KIRI, LAIGBA ASE ALAKOOSO.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ má fojú kéré àmì o. "Ó ku ẹnìkan" lohun tí ọkọ Ìyá Aránṣọ ń ké. Tí ẹ bá ṣèèṣì gbé àmì lé "ku" yẹn lórí, ẹ ti sọ ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ di òkú. Ọ̀rọ̀ wa kò gba àìbìkítà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá kan ka pátákó náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó bọ́ sójú títì, ó dá bọ́ọ̀sì tó kún dẹ́nu dúró.

"Dẹ́rẹ́bà! Sọ̀kalẹ̀! Kí lo gbé?"

"Èrò ni, sà."

"Á à! Ó tiẹ̀ jẹ́wọ́!" Ó yọ orí wọ fèrèsé. "Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?"

Ìyá kan nínú ọkọ̀ bínú. "Kí ló dé tá ò ní sọ̀rọ̀? Ṣé ẹ rò pé iṣu la jẹ́ ni?"

"Ó ń sọ̀rọ̀! Ẹ gbọ́! Èrò tó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbé e kiri! Àṣẹ dà?"

Wọ́n kó wọn lọ, àtọkọ̀ àtèrò. Kó tó di ọ̀sán, àtìmọ́lé ti kún. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn dẹ́rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ èrò: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má mí kan." Èrò á kún inú bọ́ọ̀sì, wọ́n á di ẹnu mú. Wàhálà wá ni pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè ní òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń lọ sí ibi ìgbeyàwó ara ẹ̀. Ọkọ̀ gbé e kọjá níwájú ìyàwó, ó ń juwọ́. Wọ́n gbé e dé òpin ọ̀nà, wọ́n gbé e padà, ó tún juwọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyàwó náà juwọ́ padà, ó sì lọ fẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Ọlọ́pàá kejì, tó jẹ́ pé òun kàwé ju ti àkọ́kọ́ lọ, ní irọ́ ni. Ó ní èrò tí òfin ń wí kì í ṣe èrò ọkọ̀, èrò ọkàn ni. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ ń sọ fún oníbàárà kan pé, "Èrò tèmi ni pé ká dín ti ẹ̀gbẹ́ kù." Ó mú un. Irun ìdajì ni oníbàárà náà gbé kiri fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bí ìlà àwọn tó ń wá gbàṣẹ èrò ṣe gùn ní ọ́físì Alákòóso nìyẹn, tó yí ọ́físì po, ẹni tó wà nídìí ìlà ń fimú kan ẹni tó wà níwájú. Ọkùnrin kan fẹ́ gbàṣẹ kó lè sọ èrò ọkàn ẹ̀ fún ìyá ìyàwó ẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, mà, kí lẹ wá ṣe?" Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá ìyàwó ẹ̀ ni. "Èmi náà wá gba tèmi," lobìnrin náà wí.

Ọ̀gá ọlọ́pàá wá jíṣẹ́ fún Mo-Ti-Mọ̀. "Sà, a ti kó èrò rẹpẹtẹ."

"Mo ti mọ̀! Ṣé wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń pariwo gan-an nínú àtìmọ́lé, sà."

"Ẹ yọ bátìrì wọn!"

Ọ̀gá ọlọ́pàá kí i, ó lọ. Ó wo àwọn èrò níwájú, ó wò wọ́n lẹ́yìn, kò rí ibi tí bátìrì wọlé sí. Ló bá gba bàtà wọn.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀rọ Ọ̀fẹ́-Ni ò gbọ́ ìró ohunkóhun. Ohùn òkú ti kúrò lórí oògùn aràn, ó ti bọ́ sórí ibùsùn: "Ó ku ẹnìkan! Ẹ wá sùn gbalaja!" Nígbà tí Ìyá Aránṣọ gbọ́ ọkọ ẹ̀ tó ń pe gbogbo obìnrin ìlú wá sórí ibùsùn, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó fi òfin tuntun yẹn pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́.

Obìnrin ni adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà, ẹni tí wọ́n ní kò rẹ́rìn-ín rí látìgbà tí eyín ẹ̀ ti hù. Nítorí pé òfin kan náà ni, wọ́n kó onígbàjámọ̀, dẹ́rẹ́bà àti gbogbo èrò wá lọ́jọ́ yẹn, láìwọ bàtà.

Lọ́yà Ọ̀fẹ́-Ni tẹrí ba. "Olúwa mi, òfin yìí ò kàn wá. Èrò ló wí. Àwa, ẹ̀rọ la ní. Ẹ̀rọ wa kì í wọkọ̀, kì í sì í ronú. Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ èrò?"

Adájọ́ yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. "Kò sí àmì níbẹ̀. Ẹni tó ṣe é nìkan ló lè sọ ohun tó jẹ́. Ẹ pe Alákòóso."

Mo-Ti-Mọ̀ dé tòun ti àga, tòun ti tìmùtìmù. Wọ́n ní kó wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí. Àga ò wọ̀ ọ́. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, wọ́n gbé àga padà síta, ó dúró bí èèyàn lásán.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín," Adájọ́ wí. "Èrò ni, àbí ẹ̀rọ?"

Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó. Kó ṣáà ní "ẹ̀rọ," ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n tó bá ní ẹ̀rọ ni, wọ́n á bi í pé ta ló wá nu àmì kúrò. Wọ́n á sì bi í pé kí ni àwọn èèyàn tí kò wọ bàtà yìí ń ṣe nínú àtìmọ́lé. Òógùn bo imú ẹ̀.

Ìyá Aránṣọ dìde láìtọrọ àyè. "Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ sọ pé ẹ̀rọ ni. Ẹ ní àṣìṣe ni. Àṣìṣe ò pa èèyàn. Láti àárọ̀ lọkọ mi ti ń pariwo ibùsùn káàkiri ìlú."

Ká ní ó mẹ́nu kan ohun tó yàtọ̀ sí àṣìṣe ni! Ọ̀gá wú bí búrẹ́dì inú omi.

"Àṣìṣe? Èmi? Àṣìṣe fúnra ẹ̀ tó bá rí mi lọ́nà, ńṣe ló ń yà bàrá! Èrò ni mo kọ! Èrò ni mo ní lọ́kàn!"

Lọ́yà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Adájọ́ gbé kálámù. "Ó dáa. Èrò yẹn, ṣé ẹ ní in?"

"Mo ní in!"

"Ṣé ẹ sì ń sọ ọ́ jáde báyìí?"

"Ketekete!"

"Àṣẹ ta lẹ gbà?"

Ẹni tó ń fún gbogbo ayé láṣẹ kò rántí fún ara ẹ̀. Ọlọ́pàá tó kàwé jù bọ́ síwájú tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Onígbàjámọ̀ pariwo látẹ̀yìn pé, "Ẹ gba bàtà ẹ̀ náà!"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ò lè wo kí wọ́n mú ọ̀gá ẹ̀. Ó fò sáàárín ilé ẹjọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Olúwa mi, ẹ má mú un! Ọ̀gá mi ò ní èrò kankan! Ó pẹ́ tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́, mo lè fi ìyá mi búra, èrò ò gba iwájú orí yẹn kọjá rí! Orí mímọ́ ni! Ó mọ́ tónítóní bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀!"

Adájọ́ wo ìyàwó Alákòóso, tó jókòó síwájú. "Ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbélé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyàwó ò fẹ́ purọ́ nílé ẹjọ́. Ó ronú títí. Ó ní, "Ó jọ pé ó fẹ́ ní ọ̀kan lọ́jọ́ kan báyìí. Ó di ojú, ó fajú ro, gbogbo ilé dákẹ́ ká lè gbọ́. Ó wá sín."

Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ètè Adájọ́ pàápàá mì díẹ̀. Ó kan tábìlì. "Ilé ẹjọ́ ti wá èrò lára Alákòóso, kò rí i. A dá a sílẹ̀. Kó máa lọ sílé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò ju kó gbé ẹsẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kò sí ẹ̀wọ̀n, kò sí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, àwọn ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkùnrin náà di àpótí ẹlẹ́rìí mú, ó gbọ̀n ọ́n.

"Irọ́ ni! Mo ní èrò! Mo ní ju ti gbogbo yín lọ! Lọ́jọ́ tí mo ṣòfin yìí, mo ronú! Mo ronú pé kí n de ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ tó ń fi ohùn òkú polówó! Òun ló wà nínú ìwé! Èmi fúnra mi, pẹ̀lú làákàyè mi, ni mo ní kí wọ́n nu àmì abẹ́ ẹ̀, torí mi ò mọ̀ ọ́n kà láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, pé ohun tí èmi ò bá ti mọ̀, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni! Ṣé ẹni tí kò ní èrò ló lè ronú jinlẹ̀ tó yẹn?"

Lọ́yà Ọ̀fẹ́-Ni bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́.

"Ẹ ṣeun," Adájọ́ wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀rọ ni." Ó tẹ orí kálámù sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó kán an sí i: tó, tó.

Ó ní kí wọ́n tú gbogbo èrò sílẹ̀ kí wọ́n sì fún wọn ní bàtà wọn. Ó ní Ọ̀fẹ́-Ni ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi ohùn olóògbé sọ̀rọ̀, torí náà kí wọ́n pa ohùn náà níbẹ̀ yẹn, lójú gbogbo ayé. Lọ́yà yọ fóònù, ó pe àwọn èèyàn ẹ̀. Ó wá yíjú sí Ìyá Aránṣọ. Ó ní, "Mà, kí wọ́n tó pa á, ẹ̀rọ yẹn lè sọ ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ gbọ́. Ó lè dágbére fún yín. Ó lè pe orúkọ ọmọ yín. Ọ̀fẹ́ ni."

Obìnrin náà wò ó. Mo mọ̀ pé ó wù ú, èyí tí kì í ṣe àwàdà nìyẹn.

"Rárá," ló wí. "Ọkọ mi ti dágbére fún mi lórí ibùsùn tó kú sí, ohùn ẹ̀ ò sì jáde dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Tiwa nìyẹn. Ẹ pa tiyín."

Wọ́n pa á. Fóònù ẹnì kan tó ń pariwo ibùsùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gé ọ̀rọ̀ sáàárín.

Ti Mo-Ti-Mọ̀, kò gba ọjọ́ kan. Olórí ìjọba gbọ́, ó yọ ọ́ bí ẹní yọ ẹ̀gún. Nígbà tó fi máa jáde sí ojú títì, mọ́tò ẹ̀ ti lọ, àwọn tó ru àga ti bá àga lọ. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti dé ọ́físì Alákòóso tuntun, obìnrin kan, ó sì ti yí orúkọ ẹ̀ padà sí Bẹ́ẹ̀-Ni-Mà. Ọ̀gá wa wọ bọ́ọ̀sì. Inú ọkọ̀ ń dún bí ilé oyin, torí gbogbo èrò ló ń sọ èyí tí wọ́n ti gbé mì láti ọjọ́ yìí. Dẹ́rẹ́bà bi í pé, "Bàbá, níbo lẹ ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀?" Ó la ẹnu. Láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọ́n ti ń fi mọ́tò gbé e, kò wo ìta rí láti mọ orúkọ ibi tí òun ń gbé. Ó pa ẹnu dé. Ó tún là á. Ó wá ní, "Mi ò mọ̀."

Èrò inú ọkọ̀ ràn án lọ́wọ́, wọ́n bi í ní oríṣiríṣi nǹkan títí wọ́n fi rí ilé ẹ̀. Èèyàn dáadáa ni èrò, tí wọ́n bá jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé ṣòkòtò lọ kó bá mi dín ìbàdí ẹ̀ kù. Oníbàárà kan jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de aṣọ ẹ̀, ó sì ń tẹ fóònù. Fóònù náà kọrin, ó polówó ọṣẹ, ó polówó bàtà. Ohùn obìnrin kan tí a ò mọ̀ ni. Ìyá Aránṣọ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀, ó tẹ́tí. Ó dúró, ó dúró. Kò sẹ́ni tó ní ó ku ẹnikẹ́ni. Ìgbà náà ni èjìká ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tó gbé orí lé aṣọ tó ń rán, tó sì bú sẹ́kún gidi, èyí tó ní ariwo nínú.

Ẹ̀rù ba oníbàárà. "Mà! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan o? Àbí aṣọ mi ló bàjẹ́?"

"Aṣọ yín ò bàjẹ́," Ìyá Aránṣọ wí láti inú aṣọ náà. "Mo máa rán an parí lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sunkún ọkọ mi tán ná."

Oníbàárà pa fóònù, ó fi í sínú àpò. Ó ní kó má kánjú.